Ẹ Má Pè É Ní Eré Ọmọdé Mọ́

Ẹ̀yin òbí wa ní Ọjà-Ọ̀dàn, ẹ̀yin olùkọ́, àti ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń gbé báàgì lọ sílé-ìwé láràárọ̀, ọ̀rọ̀ kan wà tí a ti ń fi ẹ̀rín bò mọ́lẹ̀, ó sì ti pẹ́. Ọmọ kan ń gba owó oúnjẹ ọmọ mìíràn lójoojúmọ́. Sẹ́níọ̀ ń sọ júníọ̀ di ọmọ ọ̀dọ̀. Ẹgbẹ́ kan kóra jọ, wọ́n ń fi ẹnìkan ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi bú sẹ́kún. Bí ó bá dé etí àgbà, a ó ní, "Eré ọmọdé ni," tàbí, "Kí ìwọ náà le díẹ̀." Eré kọ́. Nínú eré, tọ̀tún-tòsì ló ń rẹ́rìn-ín, ẹni tó bá sì rẹ̀ lè jáde. Bí ẹnìkan bá ń rẹ́rìn-ín tí èkejì ń sunkún, tí wọ́n sì tún ṣe é lọ́la àti lọ́tùn-únla, ìfìyàjẹ ni, ohun tí àwọn ọmọ ilé-ìwé fúnra wọn ń pè ní búlì.

Ilẹ̀ ààlà ni tiwa, láti orí ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ ni wọ́n sì sábà ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í fi í ṣe ẹlẹ́yà. Nínú kíláàsì kan ṣoṣo, ẹ lè rí ọmọ Yewa, ọmọ Kétu, ọmọ Ọ̀họ̀rí, ọmọ Ẹ̀gùn àti ọmọ Fúlàní. Òmíràn ti fi èdè Faransé bẹ̀rẹ̀ ìwé ní Bẹ̀nẹ̀ kí àwọn òbí rẹ̀ tó kó dé. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá la ẹnu, tí gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, kò ní nawọ́ dáhùn ìbéèrè mọ́. Díẹ̀díẹ̀, yóò dákẹ́, yóò fà sẹ́yìn, títí yóò fi ní òun ò lọ sílé-ìwé mọ́. Ẹ sì rántí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021, nígbà tí ìjà àgbẹ̀ àti darandaran gbóná ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Àríwá Yewa. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló sá kọjá ààlà, ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ló sì gbà wọ́n. Nítorí náà, kò yẹ kí ọmọ wa máa pe ọmọ àlejò ní "ará oko."

Ẹni tó ń fìyà jẹ ọmọ kì í dá a ṣe. Àwọn tó ń wòran ló ń fún un lágbára. Àwọn onímọ̀ mẹ́ta ní Kánádà, Hawkins, Pepler àti Craig, gbé ìwádìí kan jáde lọ́dún 2001 lórí àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi kámẹ́rà ṣọ́ lórí pápá. Nínú ọgọ́rùn-ún ìgbà tí ìfìyàjẹ wáyé, ìṣojú àwọn ọmọ mìíràn ni bí 88 ti ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n nínú 19 péré ni wọ́n ti dá sí i. Nígbà tí wọ́n sì dá sí i, ó ju ìdajì lọ tó parí láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 10. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, fídíò kan tàn káàkiri láti Lead British International School ní Abuja: akẹ́kọ̀ọ́ kan ń gbá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ létí léraléra, àwọn mìíràn sì dúró tì wọ́n. Ẹ̀yìn tí gbogbo ìlú ti rí i ni ilé-ẹ̀kọ́ náà tilẹ̀kùn fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí ẹ bá rí irú rẹ̀, ẹ má yọ fóònù láti ya fídíò. Ẹ sọ pé, "Ó tó, fi í sílẹ̀." Bí ẹ̀rù bá ń bà yín, ẹ sáré pe tíṣà. Ẹni tó bá sọ fún àgbà kí ìyà má bàa jẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kì í ṣe aṣòfófó.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ni ojú ìlú nínú ọgbà ilé-ìwé. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ní òpin ọdún 1982, ọmọkùnrin mẹ́ta gba ẹ̀mí ara wọn ní Nọ́wè, wọ́n sì gbà pé ìfìyàjẹ àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ló fà á. Lọ́dún 1983, ìjọba gbé ètò kan kalẹ̀ jákèjádò orílẹ̀-èdè náà láti dẹ́kun ìfìyàjẹ. Ní ìlú Bergen, ọ̀jọ̀gbọ́n Dan Olweus tẹ̀lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí 2,500; láàárín ọdún méjì, ìfìyàjẹ dín kù tó ìdajì. Ohun tí wọ́n ṣe kò gba owó ńlá: òfin tó yé gbogbo ọmọ, àgbà tó ń ṣọ́ pápá ní àkókò bíréèkì, ìpàdé kíláàsì déédéé, àti ọ̀rọ̀ tààrà pẹ̀lú ọmọ tó ṣẹ̀ àti àwọn òbí rẹ̀. A lè ṣe gbogbo rẹ̀ níbí. Ẹ má fi pàṣán lé sẹ́níọ̀ lọ́wọ́. Ẹ má sì pe ọmọ ní olódo lójú ẹgbẹ́ rẹ̀, torí ohun tí tíṣà bá sọ ni àwọn ọmọ yóò máa wí tẹ̀lé e.

Ẹ̀yin òbí, ẹ fojú sílẹ̀. Bí inú bá ń run ọmọ ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ajé, bí aṣọ ilé-ìwé rẹ̀ bá ń ya, bí ebi bá ń pa á délé bó tilẹ̀ gba owó oúnjẹ, bí owó bá ń sọnù nílé, ẹ fara balẹ̀ bi í. Ẹ má ní kí ó lọ gbẹ̀san, ẹ má sì lọ jà ní ojúlé ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ ọjọ́, ibi àti ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ mú un lọ bá tíṣà kíláàsì, lẹ́yìn náà ọ̀gá ilé-ìwé, lẹ́yìn náà ìpàdé òbí àti olùkọ́. Bí wọn kò bá ṣe nǹkan kan, ẹ kọ̀wé sí àwọn aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí Ìpínlẹ̀ Ògùn ṣe lọ́dún 2006 wà lẹ́yìn yín.

Òbí tí ọmọ tirẹ̀ ń fìyà jẹ ẹlòmíràn, má ṣe yangàn pé akíkanjú ni. Olweus rí i pé nínú àwọn ọmọkùnrin tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ nílé-ìwé, bí 60 nínú ọgọ́rùn-ún ni ilé-ẹjọ́ ti dá lẹ́bi ọ̀ràn kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún 24. Ẹni tó bá fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ yóò tètè bá a wí.

Lálẹ́ òní, kí ọmọ tó sùn, ẹ bi í ní ìbéèrè méjì: "Ta ló fìyà jẹ ọ́ lónìí?" àti "Ta ni ìwọ fìyà jẹ, tàbí ta lo bá wọn fi ṣe yẹ̀yẹ́?" Ẹ má fi ọ̀kan sílẹ̀ nínú méjèèjì.