Àpótí Ìmọ̀: Ta Ló Ń Wo Inú Fóònù Rẹ?

Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Òmù-Àrán yá owó lórí áàpù. Áàpù náà ní kó jẹ́ kí òun rí gbogbo nọ́ńbà inú fóònù rẹ̀. Kò tilẹ̀ ka ohun tí áàpù náà béèrè tó fi gbà. Ọjọ́ tí gbèsè pé, àtẹ̀jíṣẹ́ ẹ̀sín dé ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ ní Èsìẹ́, ẹni tí kò mọwọ́mẹsẹ̀. Irú ìwà yìí pọ̀ ní Nàìjíríà débi pé, ní oṣù Kẹjọ ọdún 2021, NITDA, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ìmọ̀ ẹ̀rọ, bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 10 náírà lé Soko Lending, ilé iṣẹ́ tó ń yáni lówó lórí áàpù. Ní 2023, Google náà fòfin de àwọn áàpù ẹ̀yáwó lórí Play Store: wọn kò gbọdọ̀ wo nọ́ńbà tàbí fọ́tò oníbàárà mọ́. Áàpù tí ẹnìkan fi ránṣẹ́ sí ọ lórí WhatsApp kò sí lábẹ́ òfin yẹn o.

Láti mọ ohun tí áàpù kan lè wò lórí Android, ṣí Settings, wọ Apps, mú áàpù náà, kí o tẹ Permissions, ìyẹn àwọn àṣẹ tí o fún un. Kí ni áàpù tọ́ọ̀ṣì fẹ́ fi Contacts, ìyẹn àwọn nọ́ńbà inú fóònù rẹ, ṣe? Gba àṣẹ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Áàpù tó ń júwe ọ̀nà nílò àtimọ ibi tí o wà lóòótọ́, àmọ́ ìgbà tí o bá ń lò ó nìkan ni.