Nína Apá àti Kíká Apá: Bí Àwọn Ẹyẹ Arìnrìn-àjò Ṣe Ń Ṣọ́ Agbára Wọn Ná

Nínú Súrátul-Mulk, àáyà 19, Ọlọ́hun Ọba tí ọlá Rẹ̀ ga pe àkíyèsí ẹ̀dá sí àwọn ẹyẹ tí ń bẹ lókè orí wọn. Ọ̀rọ̀ tó dúró fún nína apá níbẹ̀, ṣāffāt, wá ní ìrísí ọ̀rọ̀-orúkọ. Èyí tó dúró fún kíká apá, yaqbiḍna, wá ní ìrísí ọ̀rọ̀-ìṣe. Kí ló fa ìyàtọ̀ yìí? Az-Zamakhsharī (tó kú ní 538 Hijra, 1144 Mílàdí) dáhùn nínú al-Kashshāf pé nína apá ni ìpìlẹ̀ fífò, bí ó ti rí fún ẹni tí ń lúwẹ̀ẹ́. Kíká apá a máa wáyé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti fi ran ìrìn lọ́wọ́. Muʿtazilī ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n nínú ìmọ̀ èdè, àwọn Sunnī pàápàá ń jẹ nínú oko rẹ̀.

Ẹ wo ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn tí àwọn Lárúbáwá ń pè ní laqlaq, tí ń ti Yúróòpù wá sí Áfíríkà lọ́dọọdún. Bí oòrùn bá mú ilẹ̀ gbóná, afẹ́fẹ́ gbígbóná a máa ru sókè. Laqlaq a na apá sínú rẹ̀, a máa yí po títí yóò fi ga, láìju apá rárá, lẹ́yìn náà a rọra yọ̀ lọ síbi tí afẹ́fẹ́ mìíràn gbé ń ru. Irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ kò lágbára lórí òkun. Ìdí nìyí tí wọn kì í fi í gba àárín òkun Mẹditaréníà kọjá: àwọn kan a gba Jabal Ṭāriq, àwọn mìíràn a gba Istanbul lọ sí Sínáì.

Àáyà yìí kan náà sọ pé Ar-Raḥmān nìkan ló ń dì wọ́n mú. Àwọn oníwàásù kan gbà á sí pé ẹni tó bá ṣàlàyé afẹ́fẹ́ ti ń bá Ọlọ́hun du agbára. Èrò yìí kò tọ̀nà: Ẹni tó dá ẹyẹ náà ló dá okùnfà. Bákan náà ni hádíìsì tí at-Tirmidhī gbà wá láti ọ̀dọ̀ ʿUmar, nípa ẹyẹ tó jáde pẹ̀lú ebi láàárọ̀ tó sì padà ní àjẹyó nírọ̀lẹ́. Àlàyé tó wà lórí rẹ̀ nínú Shuʿab al-Īmān ti al-Bayhaqī ni pé kì í ṣe ẹ̀rí fún ìjókòó lásán, ẹ̀rí wíwá arísìkí ni, torí ẹyẹ náà jáde.

Àwọn ẹyẹ kan tilẹ̀ wà tí wọn kò lè yọ̀ bíi laqlaq. Jíju apá ni tiwọn. Ọ̀rá ni èsè wọn, torí gíráàmù ọ̀rá kan ń mú nǹkan bíi kálórì 9 wá, nígbà tí ti oúnjẹ afúnnilókun kò ju 4 lọ. Ní 2022, ọmọ ẹyẹ etídò kan tí à ń pè ní bar-tailed godwit fò láti Alaska dé Tasmania, nǹkan bíi kìlómítà 13,560 ní ọjọ́ 11, kò jẹ, kò mu. Kí irú ẹyẹ yìí tó gbéra, a ti jẹun títí ọ̀rá yóò fi tó nǹkan bí ìdajì ìwọ̀n ara rẹ̀, ikùn àti ìfun rẹ̀ a sì súnkì kí ẹrù lè fúyẹ́.