Ìwọ̀n Ara àti Iṣẹ́ Abẹ Ìbàdí: Ohun Tí Ará Ilé Gbọ́dọ̀ Sọ Fún Dókítà

Ní Ìlá-Ọ̀ràngún, Òkè-Ìlá àti Ọ̀rà-Ìgbómìnà, ẹ̀yìn ló ń ru iṣẹ́. Adẹ́mu á fi igbà gun ọ̀pẹ láàárọ̀, á tún gùn ún nírọ̀lẹ́. Ìyá tó ń yan gààrí á jókòó ti agbada títí di ọ̀sán, àgbẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kọ ebè. Abájọ tí ẹ̀yìn dídùn kì í fi í ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù, tí ọ̀pọ̀ sì ń fi àgbo àti róòbù bá a yí fún ọdún pípẹ́.

Èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀yìn dídùn kò nílò iṣẹ́ abẹ. Kódà bí ohun rírọ̀ tó wà láàrin eegun ẹ̀yìn bá yọ síta, tó ń fún iṣan tó lọ sẹ́sẹ̀, ó sábà máa ń rọlẹ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ 6 sí 12. Èyí tí kò bá rọlẹ̀, tàbí tí ẹsẹ̀ bá ń kú lọ, ni wọ́n ń darí sí ilé ìwòsàn ńlá: ti UNIOSUN ní Òṣogbo, OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀, tàbí UCH ní Ìbàdàn, níbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Látúndé Ọdẹ́kù, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1962.

Ibikíbi tí aláìsàn bá dé, wọ́n á ní kó gun òṣùwọ̀n. Iye tó bá wọ̀n ni wọ́n á fi mọ oògùn tí wọ́n máa fi kùn ún lóorun. Àmọ́ òṣùwọ̀n kò mọ bí ara ṣe rí lóṣù mẹ́fà sẹ́yìn. Ará ilé ló mọ̀ ọ́n. Ìyàwó ló mọ ìgbà tí ṣòkòtò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ nídìí baálé. Ọmọ ló mọ ìgbà tí òrùka kò wọ ìka ìyá mọ́. Ó yẹ kí wọ́n sọ ọ́, kí dókítà tó béèrè.

Ẹni tó ń rù láìdín oúnjẹ kù ni kí ilé kọ́kọ́ fura sí. Bí ẹni tó wọn kílò 60 bá sọ 3 nù láàrin oṣù mẹ́fà sí ọdún kan láìnídìí, ó tó ohun tí dókítà ń wádìí. Bí ẹ̀yìn bá ń dunni, téèyàn ń rù, tí ibà ń dé nírọ̀lẹ́, tí òógùn ń bò ó lóru, ó lè jẹ́ ikọ́ ife ló ti wọ eegun ẹ̀yìn, bí kò tilẹ̀ húkọ́ rárá. Percivall Pott, oníṣẹ́ abẹ ará Ìlú Ọba, ti kọ̀wé nípa àìsàn yìí láti 1779. Àwọn mìíràn á ti yọ iké kí ilé tó mọ̀. Ọ̀fẹ́ ni oògùn ikọ́ ife nílé ìwòsàn ìjọba; ti eegun sábà máa ń gba oṣù 9 sí 12, ọ̀pọ̀ ló sì ń gbádùn láìfojú kan ọ̀bẹ. Jẹjẹrẹ náà lè fara hàn báyìí, nítorí ti pírọ́sítéètì lára ọkùnrin àti ti ọmú lára obìnrin máa ń ràn dé eegun ìbàdí.

Sísanra kan tún wà tí wọ́n ń pè ní ara dídá, tí kì í ṣe ara dídá. Àwọn kan ń ra dexamethasone tàbí prednisolone ní ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́míìsì nítorí ìrora, àwọn mìíràn nítorí kí wọ́n lè sanra. Nígbà mìíràn ó wà nínú oògùn tí wọ́n dì pọ̀ sínú ọ̀rá, tí ẹni tó ń lò ó kò mọ̀. Ojú á kún, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á yọ, aládùúgbò á ní owó ti dé. Oògùn yìí kan náà ń sọ eegun di ẹlẹgẹ́, ó ń gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè, kì í sì í jẹ́ kí ojú abẹ tètè jiná. Ẹni tó ti ń lò ó tipẹ́ kò gbọ́dọ̀ já a lójijì, ewu ńlá ni. Kó kó gbogbo rẹ̀, tọ̀rá tọ̀rá, lọ fún dókítà.

Ẹni tó sanra gan-an ńkọ́? Bí èèyàn bá ga ní mítà 1.60, tó wọn kílò 90, tí wọ́n bá fi gíga yẹn pín in lẹ́ẹ̀mejì, á kù bíi 35. Láti 30 lọ sókè ni wọ́n ń pè ní ìsanrajù. Ọ̀bẹ á la ọ̀rá púpọ̀ kọjá, iṣẹ́ á pẹ́, ojú abẹ lè kẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú iṣan ẹsẹ̀. Síbẹ̀, kì í ṣe pé kí wọ́n lé e padà sílé. Ìwádìí SPORT lórí àìsàn ẹ̀yìn, tí wọ́n ṣe nílé ìwòsàn 13 ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé àwọn tó sanra náà rí ìrọ̀rùn nínú iṣẹ́ abẹ. Bí aláìsàn bá ń hanrun, tí èémí rẹ̀ ń dáwọ́ dúró lójú oorun, kí ẹni tó ń bá a sùn sọ ọ́.

Bí àyè bá wà ṣáájú iṣẹ́ abẹ, dídín kílò 4 tàbí 5 kù láàrin oṣù mélòó kan ti dára. Kí òkèlè kéré, kí ọbẹ̀ ẹlẹ́ja pọ̀, kí mínírà dúró ná. Ààwẹ̀ àwẹ̀kú àti tíì tí wọ́n ń polówó pé ó ń yọ ikùn kì í ṣe ọ̀nà: omi, iyọ̀ àti ẹran ara ni wọ́n ń gbọ́n dànù, ẹran ara yẹn sì ni èèyàn máa fi dìde lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Bí ọmọ bá fi semaglutide, abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń dín ìsanra kù, ránṣẹ́ láti London, kí akunilóorun gbọ́ sí i, torí ó ń jẹ́ kí oúnjẹ pẹ́ nínú ikùn.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, oúnjẹ kì í tètè wọlé. Mọ́ínmọ́ín, ẹyin, ẹja àti wàrà díẹ̀díẹ̀, lẹ́ẹ̀márùn-ún lóòjọ́, sàn ju àwo iyán ńlá kan lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ẹyin ń ba ojú ọgbẹ́ jẹ́, irọ́ ni. Òun gan-an ni ara fi ń dí i.

Ọ̀pọ̀ ni wọ́n ń gbé dìde rìn láti ọjọ́ kejì. Kí ilé má fi àánú dá aláìsàn dùbúlẹ̀, nítorí ìdùbúlẹ̀ ń gbé ọ̀rá wọlé, ó sì ń mú ẹ̀jẹ̀ dì. Bí wọ́n bá ń gbé e bọ̀ láti Òṣogbo sí Ìlá, kí awakọ̀ dúró lọ́nà kó sọ̀ kalẹ̀ nasẹ̀. Omi pípọn, iyán gígún àti ọkọ́ lílò lè dúró tó ọ̀sẹ̀ 6 sí 12. Ọ̀pẹ gígùn ló máa kẹ́yìn, oníṣẹ́ abẹ ló sì máa sọ ìgbà rẹ̀.

Bí ojú abẹ bá ń ṣọyún, bí iṣan ẹsẹ̀ kan bá wú, bí èémí bá ń há, bí ìtọ̀ bá kọ̀ tí kò jáde, tàbí tí abẹ́ àti àárín itan bá kú tipiri, kí wọ́n má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún un. Kí wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ lóru.