Iṣẹ́ Tí Ojú Ẹlòmíràn Ti Yẹ̀ Wò

Ibi kíkà: Òwe 27:17, Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 17:10-12 àti 18:24-26, 1 Tẹsalóníkà 5:21.

Kókó ẹ̀kọ́: Ẹni tí ó bá fẹ́ kí a gbẹ́kẹ̀ lé iṣẹ́ òun, kí ó kọ́kọ́ gbà kí a yẹ̀ ẹ́ wò.

Ní ìgbà tiwa, yíǹkì pupa olùkọ́ ni ó máa ń já wa láyà. Lónìí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí ilé-ẹ̀kọ́ yìí tọ́, láti Máfolúkù títí dé Ọ̀kọ́ta, ni ó ń fi iṣẹ́ kọ̀ǹpútà jẹun. A lè rò pé wọ́n ti bọ́ lọ́wọ́ yíǹkì pupa, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ó rí. Nínú iṣẹ́ wọn ni a ti rí ọ̀kan lára àwọn ìlànà àyẹ̀wò tí ó gbópọn jù lọ lóde òní, ó sì tọ́ kí àwa àgbà fi kọ́gbọ́n.

1. Kí ni àbùlẹ̀?

Ẹni tí ó bá ti ná ọjà Aswani ní Ìsọlọ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun mọ ohun tí àbùlẹ̀ jẹ́. Bí aṣọ òkìríkà bá ya ní èjìká, a kì í torí ìyẹn sọ ọ́ nù. Aránṣọ yóò gé ègé aṣọ tí ó bá a mu, yóò sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Olúwa wa pàápàá fi àbùlẹ̀ ṣe òwe nínú Mátíù 9:16, ó sì fi yé wa pé àbùlẹ̀ tí kò bá aṣọ mu a máa sọ yíya di ńlá.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Àwọn ìlànà tí a kọ sílẹ̀ fún kọ̀ǹpútà láti tẹ̀ lé ni a ń pè ní kóòdù. Bí ẹnì kan bá rí àléébù nínú kóòdù, kì í tún gbogbo rẹ̀ kọ. Yóò kọ ìwé kékeré kan tí ó ń sọ pé: ìlà báyìí ni kí ẹ yọ, ìlà báyìí ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀. Àmì ìyọkúrò ni ó ń ṣáájú ìlà tí yóò kúrò, àmì ìròpọ̀ sì ni ó ń ṣáájú ìlà tí yóò wọlé. Ìwé kékeré yẹn ni àbùlẹ̀. Ní ọdún 1985, Larry Wall, ará Amẹ́ríkà, gbé ètò kan jáde tí ó ń bá ènìyàn lẹ irú àbùlẹ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ kóòdù. Patch ni ó pè é. Yóò dùn mọ́ ìjọ Ọlọ́run láti gbọ́ pé òun àti aya rẹ̀ ti kọ́ ìmọ̀ èdè tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú èrò àtilọ sọ́dọ̀ ẹ̀yà kan tí a kò tíì máa kọ èdè wọn sílẹ̀, bóyá ní ilẹ̀ Áfíríkà, kí wọ́n lè ṣe ìlànà ìkọ̀wé fún wọn kí wọ́n sì túmọ̀ Bíbélì. Àìlera ni kò jẹ́ kí wọ́n lè lọ.

Àká tí a fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ ni PostgreSQL. Dátábéèsì ni, èyíinì ni àká tí kọ̀ǹpútà ń kó àkọsílẹ̀ sí: orúkọ, ọjọ́ ìbí, iye owó, èsì ìdánwò. Ọ̀jọ̀gbọ́n Michael Stonebraker àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ní yunifásítì tí ó wà ní Berkeley, ní Kalifóníà, ní ọdún 1986. Ọdún 1996 ni ó gba orúkọ tí ó ń jẹ́ títí dòní. Kò sí ilé-iṣẹ́ kan tí ó lè sọ pé tòun nìkan ni. Ẹnikẹ́ni lè ka kóòdù rẹ̀, kí ó lò ó lọ́fẹ̀ẹ́, kí ó sì mú àbùlẹ̀ wá.

Kí a má sì rò pé ọ̀rọ̀ òkè òkun lásán ni èyí. Ètò DHIS2, tí orílẹ̀-èdè wa fi ń kó ìṣirò àwọn ilé ìlera jọ, PostgreSQL ni ó fi ṣe àká. Nígbà tí nọ́ọ̀sì ní àdúgbò wa bá ka iye ọmọ tí ó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára láàárín oṣù kan, irú àká yìí ni ìṣirò náà ń wọ̀ níkẹyìn. Bí àká bá jò, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa ni ó ń dà nù.

2. Bí a ti ń yẹ àbùlẹ̀ wò

Bí gbogbo ayé bá lè mú àbùlẹ̀ wá, kí ni kò jẹ́ kí àká náà di àkísà? Ìdáhùn náà ni pé ẹnikẹ́ni lè mú àbùlẹ̀ wá, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹnikẹ́ni ni ó lè lẹ̀ ẹ́. Ìwọ̀nba ènìyàn, nǹkan bí 30, ni kọ́kọ́rọ́ àká wà lọ́wọ́ wọn. Láti ọdún 2008 ni wọ́n sì ti ya àwọn àsìkò kan sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún àyẹ̀wò, èyí tí wọ́n ń pè ní CommitFest. Ní àsìkò bẹ́ẹ̀, ẹlòmíràn tí kì í ṣe ẹni tí ó kọ àbùlẹ̀ ni yóò gbé e yẹ̀ wò, yóò sì bi í ní ìbéèrè lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èkínní, ǹjẹ́ àbùlẹ̀ yìí bá kóòdù tí ó wà nílẹ̀ lónìí mu, àbí èyí tí ó wà lánàá ni a rán an fún? Èkejì, ǹjẹ́ ó ń ṣe ohun tí ẹni tí ó kọ ọ́ sọ pé ó ń ṣe? Ẹ̀kẹta, ǹjẹ́ a tilẹ̀ nílò rẹ̀? Ẹ̀kẹrin, ǹjẹ́ kò ba nǹkan mìíràn jẹ́, tàbí kí ó mú àká falẹ̀? Ẹ̀karùn-ún, ǹjẹ́ ìdánwò wà pẹ̀lú rẹ̀, a sì ti kọ àlàyé rẹ̀ kí ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn lè lóye rẹ̀?

Bí ó bá kù díẹ̀ káàtó, a ó dá a padà pẹ̀lú àlàyé. Bí ó bá pójú owó, olùyẹ̀wò yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó tó gbé fún oníkọ́kọ́rọ́; oníkọ́kọ́rọ́ náà yóò sì tún fi ojú ara rẹ̀ wò ó kí ó tó lẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn èyí, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà oríṣiríṣi káàkiri ayé yóò tún dán gbogbo rẹ̀ wò. Òfin mìíràn tí ó wù wá níbẹ̀ ni pé ẹni tí ó bá mú àbùlẹ̀ wá ni a ń retí pé kí ó yẹ ti ẹlòmíràn wò pẹ̀lú. A kì í gbà láìfúnni.

Àwọn baba wa ti rí ìdí rẹ̀ kí kọ̀ǹpútà tó dé. Wọ́n ní ẹni tí ń lànà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun wọ́. Kì í ṣe pé onítọ̀hún ya ọ̀lẹ tàbí òpè. Ibi tí ó dúró sí ni kò jẹ́ kí ó rí i. Ẹni tí ó dúró lẹ́yìn ni ó lè sọ fún un.

3. A lè gbà á, kí a tún dá a padà

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, a lẹ iṣẹ́ ńlá kan mọ́ PostgreSQL fún ẹ̀dà 15, iṣẹ́ tí ó kan bí àká yóò ti máa ka àkọsílẹ̀ tí a ń pè ní JSON. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn kan ti fi ṣe é. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ẹ̀dà náà jáde, a rí i pé iṣẹ́ náà kò tíì dúró dáadáa, a sì yọ ọ́ kúrò. Ẹ fojú inú wo bí yóò ti dun àwọn tí ó ṣe é! Síbẹ̀, iṣẹ́ náà kò kú. A tún un ṣe, apá kan padà wọlé ní ẹ̀dà 16, apá tí ó tóbi sì wọlé ní ẹ̀dà 17, tí ó jáde ní oṣù Ọwẹ́wẹ̀ ọdún 2024. Ìtìjú ọjọ́ kan sàn ju àká tí yóò jò fún ọdún púpọ̀ lọ.

Irú sùúrù bẹ́ẹ̀ ni ó bí Bíbélì tí a ń kà. Ní ọdún 1850 ni Ìwé Róòmù jáde ní èdè Yorùbá láti ọwọ́ Àjàyí Crowther. Ọdún 1884 ni Bíbélì odindi tó jáde. Láàárín ìgbà náà, ní ọdún 1875, àwọn àgbà pàdé ní Èkó láti fẹnu kò lórí bí a ó ti máa kọ èdè wa. Ní ọdún 1974 ẹ̀wẹ̀, a fọwọ́ sí àkọtọ́ tuntun: “aiye” di “ayé”, “enia” di “ènìyàn”. Àbùlẹ̀ ni gbogbo èyí.

Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni fífọwọ́ sí àbùlẹ̀, ọ̀tọ̀ ni lílẹ̀ ẹ́. Ẹ wo pátákó ojú ọ̀nà ní àdúgbò wa: “Oshodi” ni a ṣì ń kọ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ìwé ti fi ṣ rọ́pò sh tipẹ́. Ìyẹn kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ti àká àkọsílẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ó kéré tán, ní ìgbà mẹ́rin lọ́dún ni àwọn olùtọ́jú PostgreSQL ń gbé àtúnṣe jáde, ọdún márùn-ún ni wọ́n sì fi ń ṣètọ́jú ẹ̀dà ńlá kọ̀ọ̀kan. Ilé-iṣẹ́ tí ó bá kọ̀ tí kò lẹ̀ wọ́n ti ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ fún olè lẹ́yìn tí alágbẹ̀dẹ ti fún un ní àgádágodo.

4. Ọjọ́ Ẹtì Rere, ọdún 2024

Ètò kan wà tí ń jẹ́ xz, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fún fáìlì pọ̀ kí ó má baà gba àyè. Inú àìníye kọ̀ǹpútà ni ó wà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹnì kan ṣoṣo ni ó ń bójú tó o láìgba owó, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. Láti ọdún 2021, ẹnì kan tí ó pe ara rẹ̀ ní Jia Tan bẹ̀rẹ̀ sí í mú àbùlẹ̀ wá, àbùlẹ̀ tí ó dára. Àwọn mìíràn tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ rí ń gún alábòójútó náà ní kẹ́ṣẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ falẹ̀, kí ó wá ẹlòmíràn kún un. Nígbà tí ó yá, kọ́kọ́rọ́ dé ọwọ́ Jia Tan. Ní oṣù Èrèlé ọdún 2024, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kan wọ inú ẹ̀dà tuntun ní ìkọ̀kọ̀, èyí tí ẹni tí ó ṣe é ìbá gbà wọ kọ̀ǹpútà oníkọ̀ǹpútà.

Ta ni ó rí i? Andres Freund, ọ̀kan nínú àwọn oníkọ́kọ́rọ́ PostgreSQL. Ó ń wọn bí PostgreSQL ti ń yára tó, ni ó bá kíyè sí i pé wíwọ kọ̀ǹpútà rẹ̀ láti òkèèrè ń pẹ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ní nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá. Ẹlòmíràn ìbá pòṣé, kí ó sì kọjá lọ. Òun tọ ipasẹ̀ rẹ̀ títí ó fi dé ìdí rẹ̀, ó sì kéde rẹ̀ fún ayé ní ọjọ́ 29 oṣù Ẹrẹ́nà, kí ìbàjẹ́ náà tó dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ọjọ́ Ẹtì Rere ni ọjọ́ náà, ọjọ́ tí ìjọ ń ka ìtàn ẹni tí ó jẹun nínú àwo kan náà pẹ̀lú Olúwa rẹ̀. Júdásì kì í ṣe àjèjì. Òun ni àpò owó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ méjì ni èyí kọ́ wa. Ìgbẹ́kẹ̀lé kì í fagi lé àyẹ̀wò. Ẹni tí ó ti mú iṣẹ́ rere wá ní ìgbà ọgọ́rùn-ún, a ó tún wo ti ọgọ́rùn-ún ó lé kan. Èkejì sì ni pé bí a bá fi ẹrù gbogbo ènìyàn lé ènìyàn kan ṣoṣo lórí, ọ̀tá ni yóò wá bá a gbé e.

5. Ìlò rẹ̀ láàárín wa

Ẹ̀yin òbí, nígbà tí olùkọ́ bá dá iṣẹ́ ọmọ padà, kì í ṣe ọ̀tá ọmọ náà. Òbí tí ó bá sì san owó fún mírákù sẹ́ńtà kí a lè bá ọmọ rẹ̀ kọ ìdánwò, àbùlẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ wò ni ó ń fi ránṣẹ́ sí ayé. Lọ́la, ọmọ yẹn yóò di nọ́ọ̀sì, yóò di akọ̀wé báǹkì, yóò di ẹni tí ń kọ kóòdù fún ilé ìwòsàn. Níbi tí ó ti yẹ kí a rán an, ibẹ̀ ni yóò ti ya, ara aláìsàn ni yóò sì ti ya.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti àgbà, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yín dá lórí iṣẹ́, kí ó má kan ènìyàn. Ákúílà àti Pírísílà kò dójú ti Àpólò láàárín sínágọ́gù. Wọ́n mú un sọ́dọ̀, wọ́n sì la ọ̀nà yé e dáadáa. Àwọn ará Béróà yẹ ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù pàápàá wò lójoojúmọ́, Ìwé Mímọ́ sì yìn wọ́n fún un.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ jẹ́ kí a máa yẹ ìwé owó ẹgbẹ́ wò. Kì í ṣe pé a fura sí akápò. Ààbò orúkọ rere rẹ̀ ni. Kí a má sì fi akọ̀wé nìkan sílẹ̀ pẹ̀lú iṣẹ́, kí a wá máa ta á ní gbólóhùn ní ọjọ́ ìpàdé. Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà nínú wa, kí ó yọ̀ǹda wákàtí díẹ̀ lóṣù láti jókòó ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kí ó ka iṣẹ́ wọn, kí ó sì dá a padà pẹ̀lú àlàyé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má dúró di ìgbà tí ẹ bá lè kọ àbùlẹ̀ ńlá. Yíyẹ iṣẹ́ ẹlòmíràn wò ni ẹnu-ọ̀nà tí ó rọrùn jù lọ láti wọlé. Ojú mẹ́rin ni í bí ọmọ, igba ojú ni í tọ́ ọ. Ẹ wá di ọ̀kan nínú igba ojú náà.

Ìbéèrè fún ìjíròrò nílé àti nínú ẹgbẹ́

1. Nígbà tí a dá iṣẹ́ wa padà kẹ́yìn, kí ni a fi àlàyé tí a fún wa ṣe?
2. Ta ni ẹni tí a fi ẹrù lé lórí ní òun nìkan nínú ilé wa, nínú ìjọ wa tàbí nínú ẹgbẹ́ wa? Kí ni a ó bá a gbé ní ọ̀sẹ̀ yìí?
3. Àtúnṣe wo ni a ti fọwọ́ sí tipẹ́ tí a kò tíì lẹ̀?
4. Nínú Ìṣe 18:24-26, kí ni ì bá ti ṣẹlẹ̀ sí Àpólò bí ó bá bínú?