Kápúsù Pupa-àti-Yẹ́lò Nínú Omi Adìyẹ

Tí ọyẹ́ bá ti dé, ohun kan náà la sábà máa ń bá nínú ilé adìyẹ láti Ìkọ̀tún dé Ìgandò. Adìyẹ ń mí hẹlẹhẹlẹ, imí rẹ̀ di àwọ̀ ewé, ọrùn ń lọ́. Ẹni tó ni ín á sáré lọ ra kápúsù tetracycline, á tú u sínú omi mímu. Tó bá di ọjọ́ kejì, á tún fi kún un. Òkú adìyẹ kò ní dín.

Lúkúlúkú ló sábà máa ń ṣe wọ́n bẹ́ẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á, tetracycline kì í sì í pa fáírọ́ọ̀sì. Àjẹsára ló ń dáàbò bo adìyẹ, kí àìsàn tó wọlé. Ilé ìwádìí àrùn ẹran ti ìjọba àpapọ̀ ní Vom, nítòsí Jos, ń ṣe Lasota. Inú yìnyín ni kó wà títí ẹ ó fi lò ó. Ẹ má pò ó mọ́ omi ẹ̀rọ tí wọ́n ti fi oògùn sí. Omi kànga tó mọ́ ló dáa.

A ò sọ pé tetracycline kò wúlò o. Bakitéríà ló ń bá jà, irú èyí tó ń fa kọ́lẹ́rà adìyẹ àti ikọ́ tí kì í lọ bọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí dókítà ẹran kọ́kọ́ yẹ̀ wọ́n wò. Oògùn tí wọ́n ṣe fún adìyẹ ni kí ẹ rà, torí kò sẹ́ni tó lè ṣírò iye kápúsù èèyàn tó máa tó igba adìyẹ. Ohun tí wọ́n kọ sára páálí ni kí ẹ tẹ̀ lé, ẹ má sì dáwọ́ dúró torí pé ara wọn ti ń yá. Ojoojúmọ́ ni kí ẹ máa po tuntun, kí oòrùn má pa á. Ìkarahun inú oúnjẹ adìyẹ tún máa ń di oògùn yìí mú nínú ikùn, kò ní jẹ́ kó ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹ bi dókítà léèrè.

Ti ẹyin ló tiẹ̀ ń kọ mí lóminú jù. Oògùn tí adìyẹ mu ń wọnú ẹyin, sísè kì í sì í mú gbogbo rẹ̀ kúrò. Àwọn dókítà kì í fẹ́ fún aláboyún tàbí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 8 ní tetracycline, torí ó ń ba àwọ̀ eyín ọmọ jẹ́. Kí ló wá dé tí a ó fi bá wọn fi sínú ẹyin? Àwọn kan tún ń fún adìyẹ tí ara rẹ̀ le ní díẹ̀díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bakitéríà tí kò kú á mọ oògùn náà lára. Tó bá wá wọ ara èèyàn, oògùn ò ní ràn án mọ́. Lọ́dún 2017, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àwọn àgbẹ̀ jáwọ́ nínú fífún ẹran tí kò ṣàìsàn.

Mo mọ̀ pé ẹyin ọjọ́ mélòó kan tí ẹ ò tà máa dunni lápò. Síbẹ̀, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn: ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ oògùn, ọjọ́ tí ẹ parí, àti ọjọ́ tí páálí sọ pé ẹyin lè padà sọ́jà.