Ẹ̀rọ Àdàkọ Tí Ń Gbé Ìwé Méjì Mì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ọjọ́ tí mo fẹ́ fi àpilẹ̀kọ mi sílẹ̀ ni mo kọ́ ọgbọ́n yìí. Abala ìwé 60 ni mo kó sórí ẹ̀rọ àdàkọ ọ́fíìsì kan. 57 ni àdàkọ tó jáde. Ẹ̀rọ kò pariwo, kò sì dúró. Akọ̀wé ní kí n máa lọ síbòmíràn. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kí n wo inú rẹ̀.”

Róólà onírọ́bà ní ń fa ìwé wọlé. Pẹlẹbẹ rọ́bà kékeré kan wà lódìkejì rẹ̀ tí ń dá ìwé kejì dúró, kí ọ̀kan ṣoṣo lè kọjá. Bí eruku ìwé bá bo rọ́bà wọ̀nyí, wọn a máa yọ̀, ìwé méjì a sì wọlé pọ̀.

A pa ẹ̀rọ, a yọ ọ́ nínú iná, a ṣí ìdérí. Mo fi aṣọ mímọ́ tí omi díẹ̀ wà lára rẹ̀ nu rọ́bà méjèèjì, mo jẹ́ kí wọ́n gbẹ. Ẹ má fi bẹntiróòlù nù wọ́n. Yóò ba rọ́bà jẹ́. Bí rọ́bà bá ti jẹ, àfi kí a pààrọ̀ rẹ̀.

Ilà dúdú tún wà lára àdàkọ náà. Mo nu gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì ńlá. Ìwé ní ń rìn kọjá lórí rẹ̀. Nítorí náà, ìdọ̀tí bíńtín a fa ilà láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Àdàkọ 60 jáde pé. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ ka àdàkọ yín kí ẹ tó dì í: ẹ̀rọ kì í jẹ́wọ́ ohun tó gbé mì.