Tọkọtaya àti Ajá Wọn Nínú Ọkọ̀ Onígbòkun

Ẹ̀yin ọmọ, ẹni tó bá ti gba orí afárá gígùn tó wà lórí ọ̀sà Èkó kọjá yóò ti rí àwọn ọkọ̀ ojú omi tó ta aṣọ sókè. Àwọn tó ń wa yanrìn ló ni púpọ̀ nínú wọn. Aṣọ náà ni à ń pè ní ìgbòkun. Atẹ́gùn ni yóò fẹ́ lu ìgbòkun, tí ọkọ̀ yóò sì máa lọ láìlo epo. Iṣẹ́ òòjọ́ ni àwọn tiwa ń fi í ṣe. Ní ilẹ̀ mìíràn, àwọn kan a máa fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ gbafẹ́ nígbà ìsinmi. Ẹ jẹ́ kí á bá wọn dé ìpínlẹ̀ Maine ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà.

Etí Òkun Àtìláńtíìkì ni Maine wà, ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà. Àwọn erékùṣù etíkun rẹ̀ lé ní 3,000. Òmíràn kò ju àpáta kan pẹ̀lú igi díẹ̀ lọ. Òtútù ibẹ̀ pọ̀, yìnyín a sì máa bo ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Nítorí náà, ìgbà ooru, láti oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹsàn-án, ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbé ọkọ̀ ìgbafẹ́ wọn sómi.

Ẹ jẹ́ kí á sọ pé tọkọtaya kan fẹ́ lọ láti ìlú Rockland sí erékùṣù Mount Desert, àwọn àti ajá wọn. Bí atẹ́gùn bá dára, ọkọ̀ wọn yóò rin nǹkan bí kìlómítà 10 ní wákàtí kan. Ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ yóò yà wọ́n sílẹ̀! Ìyàwó di ìtọ́kọ̀ mú, ọkọ ń fa okùn ìgbòkun. Ajá jókòó ní tirẹ̀, kò ṣe nǹkan kan. Síbẹ̀, ajá yìí ni yóò pinnu ibi tí wọn yóò sùn lálaalẹ́.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Ajá tí a ti kọ́ pé kí ó má ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ sínú ilé kì í fẹ́ ṣe é sínú ọkọ̀. Àwọn kan a máa tẹ́ ẹní kékeré síwájú ọkọ̀ fún un. Ajá mìíràn á wo ẹní náà, á kọ̀ jálẹ̀, á sì máa wo ẹni tó ni ín lójú. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, wọn yóò ju ìdákọ̀ró sómi, wọn yóò sì fi ọkọ̀ kékeré alájẹ̀ gbé e lọ sórí ilẹ̀. Bí òjò ń rọ̀, wọn yóò lọ. Nítorí náà, wọ́n gbọ́dọ̀ dé ibi tí ajá ti lè fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ọgbọ́n wà nínú ìyẹn náà. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni omi òkun ibẹ̀ ń kún tí ó sì ń fà. Ní agbègbè Rockland, ìyàtọ̀ àárín ìkún àti ìfà a máa tó mítà 3, bí ìgbà tí àgbàlagbà kan dúró lórí èjìká èkejì. Bí wọ́n bá fi ọkọ̀ alájẹ̀ sílẹ̀ lórí yanrìn láìso ó mọ́lẹ̀, tí wọ́n sì bá ajá rìn wọ inú igbó, omi lè ti gbé e lọ kí wọ́n tó padà.

Bí ọkọ̀ bá ń yà síhìn-ín sọ́hùn-ún, a máa fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Èèyàn á rọ́wọ́ di nǹkan mú. Ajá kò ní ọwọ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ wọ ẹ̀wù ìléfòó fún un kí wọ́n tó kúrò ní èbúté. Ohun tó wúlò jù lára ẹ̀wù náà ni ọwọ́ tí wọ́n rán mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, bí ọwọ́ báàgì, tí a lè fi fa ajá jáde nínú omi.

Ẹ lè béèrè pé, ṣebí ajá mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́? Ọ̀pọ̀ ajá mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n omi Maine kò dà bí omi etíkun Èkó. Nínú oṣù Kẹjọ pàápàá, ó ń tutù nini. Bí àgbàlagbà bá já sínú rẹ̀, kò ní pẹ́ tí apá rẹ̀ yóò fi kú, tí kò sì ní lè di okùn mú mọ́.

Bí ajá bá wá ṣubú sómi ńkọ́? Ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn ẹni tó ni ín ni kí ó bẹ́ tẹ̀lé e. Kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀! Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Èèyàn méjì péré ló wà nínú ọkọ̀. Bí ọkọ bá bẹ́ sómi, ẹ̀mí méjì ló wà nínú òtútù, ìyàwó nìkan ló sì kù tí yóò tọ́ ọkọ̀, tí yóò fa ìgbòkun, tí yóò tún máa wo ibi tí àwọn méjèèjì wà. Láàárín ìgbì, orí ajá kò tóbi ju àgbọn lọ. Bí a bá gbójú kúrò díẹ̀, a lè má rí i mọ́. Kí ẹni tó kọ́kọ́ rí i pariwo, kí ó na ìka sí i, kí ó má sì gbé ojú kúrò lára rẹ̀ rárá. Ẹnì kejì ni yóò yí ọkọ̀ padà. Èyí kì í ṣe ohun tí à ń kọ́ lọ́jọ́ tí ewu dé. Kí wọ́n tó gbéra ni wọn yóò ti ju tìmùtìmù sómi, tí wọn yóò sì yí padà lọ gbé e, títí yóò fi mọ́ wọn lára. Èmi kò ní bá tọkọtaya tí kò dán an wò rí wọ ọkọ̀.

Kùrukùru tún ń bẹ. Nígbà ooru, atẹ́gùn tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tó sì kún fún ọ̀rinrin, a máa fẹ́ gba orí omi tútù yìí. Ọ̀rinrin náà á di kùrukùru, bí èémí wa ṣe ń di funfun lára dígí tútù. Láìpẹ́, iwájú ọkọ̀ á ṣòro láti rí. Tọkọtaya yóò tan iná ọkọ̀, wọn yóò tẹjú mọ́ kọ́ńpáàsì àti máàpù òkun, wọn yóò sì máa fun fèrè: ọ̀kan gígùn, méjì kúkúrú, láàárín ìṣẹ́jú méjì méjì. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ onígbòkun ṣe ń kígbe nínú kùrukùru. Àwọn àgbà wa ní ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ajá inú ọkọ̀ yìí ń gbọ́ ní tirẹ̀, etí rẹ̀ sì mú ju ti èèyàn lọ. Bí ó bá gbé etí sókè, tó kọjú sí ibì kan, tọkọtaya náà á dákẹ́, àwọn náà á tẹ́tí sílẹ̀.

Bí wọ́n bá gúnlẹ̀ sí Mount Desert, àwọn òkè olókùúta ni wọn yóò rí. Ọdún 1919 ni ìjọba sọ apá kan ibẹ̀ di ọgbà orílẹ̀-èdè. Acadia ni orúkọ rẹ̀ báyìí. Ajá lè rìn ní ọ̀pọ̀ ibi nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n okùn ọrùn rẹ̀ kò gbọdọ̀ gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 6 lọ. Kí wọ́n tó padà wọ ọkọ̀, wọn yóò tú irun rẹ̀ wò fínnífínní, nítorí eégbọn ibẹ̀ a máa kó àrùn ran ajá àti èèyàn.

Ìbéèrè
1. Kí ni ó ń mú ọkọ̀ onígbòkun rìn?
2. Kí ló dé tí ajá fi ń pinnu ibi tí tọkọtaya náà yóò sùn?
3. Kí ni ó lè ṣẹlẹ̀ bí ọkọ bá bẹ́ sómi tẹ̀lé ajá?
4. Báwo ni kùrukùru ṣe ń wáyé lórí òkun Maine?
5. Ya àwòrán ọkọ̀ onígbòkun. Fi ìgbòkun, ìtọ́kọ̀ àti ìdákọ̀ró hàn.